Lọ́dọ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Ọ̀dà Olómi: Láti Edinburgh dé Bayswater Road

Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn àwòrán Turner, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí Henry Vaughan fi sílẹ̀ fún ìlú Edinburgh, inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kó dé ibẹ̀. Tó bá fi lè di oṣù Èrèlé, wọ́n ti kó wọn padà sínú àpótí nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ oníṣòwò fìlà ni Vaughan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó kú, àwòrán ọlọ́dà olómi 38 tí Turner fọwọ́ ara rẹ̀ yà ló fi sílẹ̀ ní ogún fún ilé àwòrán ìjọba Skọ́tíláǹdì, wọ́n sì gbà á ní ọdún 1900. Ìwé ìhágún rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kí wọ́n máa pàtẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wò ó. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ wà lára ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń rẹlẹ̀ jù lápá ibẹ̀, oòrùn sì ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ọ̀dà olómi ní.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí kí n tó fojú ara mi rí i. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe l'Ábẹ́òkúta ni pé mo ń ya àwòrán kéékèèké pẹ̀lú ọ̀dà olómi, mo sì ń tà á: àpáta Olúmọ láti ẹ̀yìn, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Sàró kọ́, àwọn ìyá aláró n'Ítòkú. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju pósíkáàdì lọ, èyí tó tóbi jù kò sì ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ. Agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń lọ kí ẹnìkan má bi mí pé, “Ṣé kò sí ńlá ni?” Àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ mi pàápàá ń sọ pé nǹkan ọmọ iléèwé ni ọ̀dà olómi, pé ọ̀dà elépo lórí aṣọ ńlá niṣẹ́, nítorí òun ni àwọn olówó Ìkòyí ń rà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tèmi, àwòrán kékeré ni ọ̀nà tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé lè gbà ní ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán nínú ilé wọn, tí kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Èmi náà bá dìde, mo ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di òwò láti ohun tó lé ní igba ọdún, kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Òtútù tó wà ní Edinburgh lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ kọjá sísọ. Afẹ́fẹ́ ń ti orí òkè tí ààfin àtijọ́ wà fẹ́ wálẹ̀ bíi kó gbé ènìyàn lọ. Ilé àwòrán náà wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní the Mound, òpó òkúta gìrìwò gìrìwò ló yí i ká. Ní ìta, gbogbo nǹkan ló tóbi. Yàrá tí wọ́n pàtẹ Turner sí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dín iná ibẹ̀ kù débi pé ojú ènìyàn ní láti dúró díẹ̀ kó tó mọ́ ọn lára, àwọn tó wá wòran sì ń sún mọ́ ògiri títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Èyí tó dá mi dúró jù ni Loch Coruisk. Adágún omi kan láàárín àwọn òkè erékùṣù Skye ni. Turner lọ síbẹ̀ ní ọdún 1831, nígbà tó ń wá àwòrán tí wọn yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sínú ìwé ewì Walter Scott. Mo rò pé màá bá àwòrán ńlá níbẹ̀, nítorí òkè ńláńlá ló wà nínú rẹ̀. Kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, gíga rẹ̀ kò tó 9. Pósíkáàdì ni! Àwọn òkè náà ń yí pọ̀ mọ́ ìkuùkù, ojú kò lè sọ ibi tí òkúta parí sí àti ibi tí àwọsánmà ti bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ènìyàn méjì wà lórí àpáta, wọ́n kéré débi pé èékánná ọmọdé lè bo àwọn méjèèjì. Láti ara àwọn méjì yìí ni ènìyàn ti ń mọ bí òkè náà ṣe ga tó. Mo wò ó títí ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.

Àwòrán kejì tí mo dúró tì ni ti ìlú Fẹ́nísì, níbi tí ìjì ń jà lórí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Piazzetta. Mànàmáná kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run, ó sì funfun báláú. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀dà funfun. Turner ti kun ojú ọ̀run náà tán, ó wá ha á, funfun bébà gan-an ló sì yọ síta. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nínú ọ̀dà olómi, bébà ni ó ni funfun. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa wà kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, nítorí bó bá ti kun ún, ó di kó fọ̀ ọ́ tàbí kó ha á. Oníṣẹ́ ọ̀dà elépo lè dé lọ́la kó bo ohun tó ṣe lónìí mọ́lẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí omi bá ti gbé wọ inú bébà, ó ti wọlé. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá ní kí n dín owó nítorí àwòrán kéré, inú mi kì í dùn. Bí ojú bébà bá ṣe kéré tó ni àṣìṣe kì í ṣeé fi pamọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ oòrùn tí Vaughan ń bẹ̀rù kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1888, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Abney, kó ìròyìn wọn fún ìjọba Ìlú Ọba lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí ọ̀dà olómi. Wọ́n ti kun bébà ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n fi wọ́n sínú ọ̀pá gíláàsì, wọ́n sì gbé wọn sínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa tí wọ́n fi kòkòrò àti egbò igi ṣe ṣí kúrò lójú bébà. Ẹ̀lú náà ṣí. Ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa n'Ítòkú ń pọn, tí wọ́n ń rẹ aṣọ bọ̀, irú aró inú rẹ̀ kan náà ni àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì fi ń kun ìkuùkù àti òjìji láyé ìgbà náà. Nínú aṣọ àdìrẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ni wọ́n ń rì í bọ aró kó tó dúdú. Lórí bébà, ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ kan péré ni, oòrùn a sì tètè jẹ ẹ́. Àwọ̀ tó ń jẹ́ ẹ̀lú nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń tà lóde òní, àpòpọ̀ àwọ̀ mìíràn tó lè dúró lójú oòrùn ni. Ẹni tó bá ń ta àwòrán ní ilẹ̀ olóòrùn bíi tiwa gbọ́dọ̀ mọ èyí, kó sì máa wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀dà kó tó rà á. Ìwà ọ̀daràn ni lójú tèmi láti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn fún àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí kí ọmọ rẹ̀ tó jáde iléèwé.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Waverley lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń gba etí òkun lọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà sínú oko. Nígbà tó dé Durham, ó gun orí afárá gíga, gbogbo ìlú náà wà nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ sì dúró lórí òkè létí odò. Turner yà á, Thomas Girtin náà yà á. Ọdún kan náà, 1775, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, Lọ́ńdọ̀nù sì ni àwọn méjèèjì dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, wọ́n a máa lọ sílé dókítà kan tó ń jẹ́ Monro ní ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́fà títí di mẹ́wàá, láti ṣe àdàkọ àwòrán àwọn àgbà. Girtin a fa ìlà, Turner a fi omi àti ọ̀dà kun ún. Ṣílè mẹ́ta àti sísì ni Turner ń gbà ní alẹ́ kan. Ọmọ ọdún 27 péré ni Girtin nígbà tó kú ní 1802. Ó dùn mí bí mo ṣe ń wo ìlú náà láti ojú fèrèsé, nítorí nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí mo rí, ó mọ bí a ti í fi bébà lásán sílẹ̀ ju Turner lọ nígbà èwe wọn.

Nítorí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn yìí, ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ilé àwòrán kankan. Maiden Lane ni mo lọ, ní Covent Garden. Òpópónà tóóró ni, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Turner sí. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì ń ṣe irun àtọwọ́dá fún àwọn gbajúmọ̀. Ìtàn tí àwọn tó kọ ìgbésí ayé Turner ń sọ ni pé bàbá yìí máa ń so àwòrán ọmọ rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ iye owó sí i: ṣílè kan sí ṣílè mẹ́ta. Àwọn tó wá gé irun ló ń rà á. Ẹ wo bàbá tó gbọ́n! Kò dúró de olówó kan tó máa wá gba ọmọ rẹ̀ tọ́. Ibi tí ènìyàn máa ń jókòó sí tí kò ní rí nǹkan mìíràn wò ló gbé ọjà náà sí, ó sì kọ owó rẹ̀ síta kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti béèrè. Ọmọ ọdún 15 ni Turner nígbà tí ẹgbẹ́ ayàwòrán Royal Academy gba àwòrán olómi rẹ̀ síbi ìpàtẹ wọn ní 1790.

Síbẹ̀, Royal Academy yẹn náà kò fi gbogbo ara gba oníṣẹ́ ọ̀dà olómi. Wọ́n a so iṣẹ́ wọn kọ́ sí ibi tí àwòrán elépo ńláńlá ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà olómi nìkan ló ń lò kò lè di ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó sú àwọn kan nínú wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1804, wọ́n sì ṣe ìpàtẹ wọn àkọ́kọ́ ní 1805. Èrò ya lọ wò ó ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àwòrán sì tà. Ẹgbẹ́ náà ló di Royal Watercolour Society, ó ṣì wà títí dòní. Ó yẹ kí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà fi ọkàn sí ìtàn yẹn dáadáa. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni fún àwọn ní àyè lára ògiri mọ́. Wọ́n yá ilé, wọ́n so àwòrán tiwọn kọ́, wọ́n sì ta á fúnra wọn.

Turner náà mọ òwò yìí títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ní 1842, ó kó àwòrán ìdánwò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yà ní Switzerland fún alágbàtà rẹ̀, Thomas Griffith, pé kó fi wọ́n han àwọn oníbàárà, kí oníkálùkù mú èyí tó bá wù ú, òun yóò sì ya ojúlówó rẹ̀ ní 80 gínì ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ni òkè Rigi aláwọ̀ aró, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ní 2006, wọ́n ta á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn 5.8. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e jáde kúrò nílùú, wọ́n sì ké sí aráàlú pé kí ẹni tó bá fẹ́ fi pọ́n-ùn márùn-ún ra ojú búrọ́ọ̀ṣì kan lára rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ṣe dáwó nìyẹn, ó sì di ti ilé àwòrán Tate ní 2007. Bébà kan tó ṣeé kì bọ àpò ìwé ńlá ni gbogbo aruwo yìí ṣẹlẹ̀ lé lórí.

Ní Great Russell Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ British Museum, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń jẹ́ L. Cornelissen & Son. Láti 1855 ni wọ́n ti ń ta ohun èlò ayàwòrán. Ìgò àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú kún àwọn pẹpẹ ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ohun tí mo wá kì í ṣe àwọ̀, oje igi ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nǹkan méjì pàtàkì ló wà nínú ọ̀dà olómi: lẹ́búlẹ́bú tó ní àwọ̀, àti oje igi kasíà tó ń jẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú náà lẹ̀ mọ́ bébà. Bí oje yẹn kò bá sí, bí àwọ̀ bá ti gbẹ báyìí, ìka lásán ló máa nù ún kúrò. Igi tí wọ́n ń ro oje náà lára rẹ̀ kò hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara ló ń hù, láti Senegal títí dé Sudan, ó sì wà ní Bọ̀rnó, Yobe àti Jigawa níbí. Wọ́n á ṣá èèpo igi náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oje á sun jáde, á gbẹ sára igi, wọ́n á wá ká a. Bẹ́ẹ̀ ni William Reeves tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀dà olómi bí odindi kéèkì kékeré tó ṣeé kó rìnrìn àjò, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ní 1781, àti Winsor òun Newton tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Rathbone Place ní 1832, orí oje igi ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn dúró lé. Mo mú kóró kan sọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọ̀ oyin ló ní, ó mọ́ gaara, ó sì ní ilà wẹ́wẹ́ lára bíi gíláàsì tó fẹ́ fọ́. Inú mi dùn púpọ̀. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni mò ń ṣe, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn darandaran tó ń ká oje yẹn.

Ọjọ́ kejì, mo rìn lọ sí St John's Wood nítorí bàbá wa Aina Onabolu. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882 ni wọ́n. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń ṣe l'Ékòó, wọ́n sì kọ́ àwòrán fúnra wọn kí wọ́n tó lọ sí iléèwé àwòrán ní àdúgbò yẹn ní 1920. Ohun tí kò sábà wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí wọ́n yà ní 1906, tí gbogbo ìwé ìtàn àwòrán Nàìjíríà ń dárúkọ, ọ̀dà olómi lórí bébà ni. Ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi lọ síwájú olùkọ́ kankan ní Ìlú Ọba! Ìpìlẹ̀ àwòrán ìgbàlódé wa, omi ni wọ́n fi fi í lélẹ̀. Báwo ni ọ̀dà olómi ṣe wá di nǹkan ọmọ iléèwé lẹ́nu wa?

Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mo dé sí, àbúrò ìyá mi, ní Peckham. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Rye Lane kò jìnnà sí ilé wọn. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀, á rí iṣu, pọ̀nmọ́, ata rodo, á gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọlọ́jà, á sì rò pé Dùgbẹ̀ ni òun wà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí kan, mo gbé bébà mi lé orókùn, mo fẹ́ ya ìsọ̀ aláta kan tó wà lódìkejì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí òtútù ń ṣe sí iṣẹ́ yìí. L'Ábẹ́òkúta, nígbà ọyẹ́, bí mo bá fi omi kun ojú ọ̀run, kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà kejì, ti àkọ́kọ́ ti gbẹ. Gbogbo etí àwọ̀ ni ó máa ń mú kedere, mo sì ti kọ́ ọwọ́ mi láti máa yára. Ní Rye Lane, omi kọ̀ kò gbẹ. Mo fi pupa kan ata, pupa náà rọra ń ṣàn lọ sínú àwọ̀ eérú ojú pópó, ó ń tàn ká, ó ń di aláwọ̀ òdòdó, ó sì dúró fúnra rẹ̀ níbi tó wù ú. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ìkuùkù tó wà nínú àwòrán Turner tó ń yọ́ wọ ara òkè, ojú ọjọ́ wọn ní ọwọ́ níbẹ̀, ó bá ọwọ́ bàbá náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó mú ṣánṣán tó wà nínú tèmi, ọyẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló fún mi. Mi ò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí ní àwọn máa tẹ̀lé mi lọ sí Bayswater Road lẹ́yìn ìsìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń so iṣẹ́ wọn kọ́ sára irin ọgbà Hyde Park lójú ọ̀nà yẹn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òfin ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni ni ènìyàn gbọ́dọ̀ tà. Ọkọ̀ ń kọjá fìì fìì, èrò ń rìn lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn àwòrán sì tò lọ lára irin títí ojú kò fi tó o mọ́: ẹṣin, òdòdó, bọ́ọ̀sì pupa, afárá Tower Bridge. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ya bọ́ọ̀sì pupa kan náà láìwo bọ́ọ̀sì mọ́, ènìyàn á sì rí i lára ìlà wọn pé ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀.

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ni mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó ti gé orí ìka rẹ̀ kúrò kó lè rí owó kà. Àwòrán ńlá mẹ́ta péré ló so kọ́ sára irin. Ìyókù wà nínú àpótí onígi kan níwájú rẹ̀, kéékèèké, oníkálùkù ti wà nínú páálí funfun tó gé ojú sí, ó fi ọ̀rá títàn wé e, ènìyàn lè dúró kó máa ṣí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi pé àwọn ńlá ló ń dá ènìyàn dúró, àwọn kékeré ló ń san owó ilé. Iye kan náà ni gbogbo èyí tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ìbáà jẹ́ pé wákàtí kan ló fi yà á tàbí ọjọ́ kan. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní oníbàárà tó bá rí i pé owó méjì yàtọ̀ síra máa rò pé èyí tó wọ́n ló dára, á wá pa ojú tirẹ̀ tì, bẹ́ẹ̀ ojú tirẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ kó lò.

Ó fi ẹ̀yìn ọ̀kan hàn mí. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ orúkọ ibi tó ti yà á, oṣù àti ọdún, irú bébà tó lò, àti orúkọ gbogbo àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bébà òwú tó wúwo tó gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin ló ń lò, èyí tí kì í tètè ká kò bí omi bá bà á. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí ńláńlá tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán tí kò sọ ìdajì ohun tí pẹ́ńsùlù yẹn sọ.

Àǹtí ti ń ṣí àpótí náà wò láti ìgbà tí mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fa ọ̀kan yọ, igi méjì láìní ewé, koríko, àti ojú ọ̀run kan tó fẹ́ rọ̀jò.

“Àjàní, èló ni wọ́n pe èyí?”

“Pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógójì ni mà, ó wà lára rẹ̀.”

“Kí wọ́n jẹ́ n san ọgbọ̀n.”

Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú ọlọ́jà mọ ojú oníbàárà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kì í yọ kúrò, nítorí ẹni tó ra irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè máa kọjá lọ báyìí. Inú mi dùn sí èsì yẹn. Àǹtí wò ó, wọ́n tún wo àwòrán náà, wọ́n sì ka owó náà pé fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà ní ìlú òyìnbó, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ra àwòrán tí ènìyàn fọwọ́ yà nìyẹn.

Nílé, ọ̀rọ̀ ibi tí a máa gbé e kọ́ sí di àríyànjiyàn. Wọ́n fẹ́ kí ó wà lókè tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo àlejò lè rí i. Mo ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bọ́ sí ibẹ̀ tààrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Wọ́n ní ilé ìdáná ńkọ́? Mo ní ooru omi gbígbóná á wọ inú bébà, á hu funfun. Mo ṣàlàyé pé inú férémù onígíláàsì ni kó wà, kí páálí wà láàárín bébà àti gíláàsì kí wọ́n má fara kanra, kí páálí náà sì jẹ́ irú tí kì í sọ bébà di pupa rúsúrúsú. L'Ábẹ́òkúta, ọ̀rìnrìn ìgbà òjò ni mo máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà mi nípa rẹ̀ ju oòrùn lọ, pé kí wọ́n má so ó kọ́ mọ́ ògiri tí omi ń gùn. Ibi àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà gun òkè lọ yàrá ni a wá fẹnu kò sí. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, wọ́n sì ń kọjá lójoojúmọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí.

“Ìwọ náà, èló ni o ń ta tìrẹ?”

Mo sọ fún wọn.

“Ṣé o lè ya ilé bàbá wa n'Íjẹ̀bú-Igbó? Èyí tí wọ́n wó.”

Mo ní mi ò rí ilé náà rí, àmọ́ bí wọ́n bá lè sọ ọ́ fún mi, màá gbìyànjú. Wọ́n mú fọ́tò kan jáde, àwọn ènìyàn ló kún inú rẹ̀, igun ògiri kan péré ló hàn lẹ́yìn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: ògiri alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, ó ti là lápá òsì. Ilẹ̀kùn onígi méjì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Páànù. Agbada omi òjò lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Igi ọsàn kan tí bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Mo ń fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń dá mi dúró: “Rárá, fèrèsé yẹn ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.” A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Àdéhùn wa ni pé màá ya ìdánwò mẹ́ta tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kan ní ọyẹ́, ọ̀kan ní ìgbà òjò, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, màá fi wọ́n ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n mú èyí tó bá jọ ilé náà jù, kí n wá ya ojúlówó rẹ̀ sórí bébà tó dára. Bí Turner àti Griffith ṣe ṣe é ní 1842 nìyẹn. Àǹtí san ìdajì owó sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn mẹ́rin tó kù máa fẹ́ tiwọn, kí n má ṣe ya méjì kí ó jọra.